Ọmọ Tí Wọ́n Ń Nà, Tó Ń Pa Ọmọ Ẹlòmíràn Lẹ́nu Mọ́

Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì tíì rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó gírátúítì rẹ̀. Gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Èrúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ló mọ̀, nítorí Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá àti àwọn mìíràn jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù. Iná ti lọ láti àná, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù létí wọn. Bí Bàbá ti gba fóònù tirẹ̀ tó tàn án, fídíò kan já wọlé láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Houston: pàǹtírí tó ga bí òkè nígboro Paris, iná ń jó, ọlọ́pàá ń sáré. Fídíò ọdún 2023 ni, ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, òkú kì í sùn. Ohùn àbúrò Bàbá tẹ̀ lé e: ẹ wo àwọn ọ̀lẹ Faransé, wọ́n ní kí wọ́n fi ọdún méjì péré kún iṣẹ́ wọn, wọ́n dáná sun ìlú, ní Amẹ́ríkà níbí, a kì í ṣe irú ìyẹn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún méjì! Ọ̀lẹ paraku!" Ó nu ojú, ó wá bi ọmọkùnrin tó ń ṣájì fóònù bóyá ó gbọ́ nǹkan kan nípa owó gírátúítì.

Àwọn àgbà ní a kì í na ọmọ ká tún ní kó má sunkún. Ẹni tí pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí wọn kò rò dé, tí wọn kò sì pa òwe fún, ni ọmọ tí ẹgba ṣì ń dún lẹ́yìn rẹ̀, tó wá yọrí lójú fèrèsé, tó ń kígbe sí ọmọ aládùúgbò pé: "Dákẹ́ ńbẹ̀! O ò lẹ́kọ̀ọ́! Ṣé torí ẹgba méjì náà ni?"

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àbúrò Bàbá ná. Òótọ́ ni pé ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Macron àti olórí ìjọba rẹ̀, Élisabeth Borne, sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 62 sí 64. Wọ́n rí i pé ìbò lè má tó nílé aṣòfin, ni wọ́n bá lo abala òfin kan tó jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀yìn ìdìbò kọjá. Kó tó dìgbà náà, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ti tú jáde sígboro lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe kà wọ́n. Àwọn akólẹ̀ jókòó sílé, ilẹ̀ sì di òkìtì. Amẹ́ríkà ńkọ́? Lọ́dún 1983, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó sún ọjọ́ orí tí òṣìṣẹ́ yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní kíkún láti 65 sí 67. Ọdún méjì kan náà ni. Títí dòní, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ tó pàṣẹ kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí yóò sanwó fún, kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dún ni ti Faransé. Àbúrò Bàbá ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. Òun ló lómìnira. Ẹni tó ń sinmi ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tó tún ń bínú, ìyẹn ni ẹrú ìjọba.

Mi ò bá a wí púpọ̀, àwọn olóṣèlú ibẹ̀ ló kọ́ ọ. Lọ́dún 2003, Faransé kọ̀ láti bá Amẹ́ríkà lọ sógun Ìráàkì. Kí ni àwọn aṣòfin ṣe? Bob Ney àti Walter Jones ní kí wọ́n yọ orúkọ Faransé kúrò lára ànàmọ́ díndín tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ ilé aṣòfin, kí wọ́n máa pè é ní ànàmọ́ òmìnira. Àgbàlagbà ló jókòó ro èyí o. Ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun Faransé wà lára ohun tó gba Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yorktown lọ́dún 1781. Ère ńlá tó gbé iná lọ́wọ́ ní èbúté New York, Faransé ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ìyẹn kò mú ìtìjú wá. Ànàmọ́ ló ṣẹ̀. Wọ́n jagun náà, wọn kò rí ohun ìjà tí wọ́n ní àwọn ń wá, nígbà tó sì di 2006, ànàmọ́ rọra gba orúkọ rẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó lu agogo.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ẹkún Faransé máa ń dùn mọ́ wọn létí. Ní ìparí ọdún 2018, àwọn aráàlú tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè jáde nítorí owó orí epo. Trump kọ ọ́ sórí Twitter pé wọ́n ń kígbe ní Paris pé Trump làwọn ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó kígbe bẹ́ẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé ní kó jọ̀ọ́, kó fi ìlú àwọn sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń sunkún owó rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Bí ẹkún náà bá jọ oríkì tiwọn, akọni ni. Ohun tí wọn kì í fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni ìparí ìtàn: ìjọba Macron gbé owó orí epo yẹn jù sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2025, olórí ìjọba tuntun, Sébastien Lecornu, kéde pé àwọn dá òfin ìfẹ̀yìntì náà dúró di ẹ̀yìn ìdìbò ààrẹ ọdún 2027. Ọ̀lẹ ló ṣe èyí.

Ó wá kan àwa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba Jonathan fa owó epo bẹntiróòlù láti náírà 65 sí 141. Ìlú dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá a lọ ní Ìlọrin wa níbí. Bọ́lá Tinubu, tó wà lẹ́gbẹ́ alátakò nígbà náà, kọ ìwé gígùn pé Jonathan ti da májẹ̀mú tó wà láàárín ìjọba àti aráàlú. Ẹkún jẹ́ ẹ̀tọ́ lọ́dún yẹn. Epo sọ̀ kalẹ̀ sí náírà 97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Tinubu gba pàṣán, ọjọ́ náà gan-an ló sì kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ẹkún ti di ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá, wọ́n kó èèyàn 76 wá sílé ẹjọ́ l'Ábújá, àwọn ọmọdé wà láàárín wọn. Ebi ti lù wọ́n débi pé mélòó kan ṣubú lulẹ̀ nílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́jọba ni wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀! Ọmọ tí ìyàn nà, tó ké, tí wọ́n wá fẹ́ fi ẹkún rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ojú ti ìjọba kó tó ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀.

Bàbá Tíṣà sọ lóṣù kẹjọ yẹn pé ìwọ́de kì í ṣe àṣà Yorùbá, ẹ̀kọ́ òyìnbó ni. Bàbá kọ́ ọmọ ní ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún o! Ta ni òyìnbó tó kọ́ Tafá Adéoyè àti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà tí wọ́n fi kọ owó orí lọ́dún 1968 sí 1969, títí Awólọ́wọ̀ fi bá wọn dúnàádúrà? Ṣé Paris ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá wá? Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ Faransé di áńgẹ́lì. Ẹ bi àwọn ará Kétu. Àwọn tó mọ ẹkún ara wọn sun ní Paris ló ń fi tipátipá kó ọmọ Yorùbá ní Dàhòmì, tó wà lábẹ́ wọn nígbà náà, sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà àti ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí gbé ìjà kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ará Kétu fi ẹsẹ̀ sun ẹkún tiwọn: wọ́n di ẹrù, wọ́n sọdá ààlà sápá Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi owó orí sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ bó bá dé Èrúkù gan-an. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tó wà ní Òkè Ìṣẹ́gun, ìsìn ń lọ, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé rí bí àwọn èèyàn ṣe ń wá abẹ́ àga. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó 38 lọ sínú igbó, ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n tó rí wọn gbà padà. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti pa ọba Koro, aládùúgbò wa, nínú ààfin rẹ̀. Kí ni mo wá ń gbọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí? Pé kí Trump máa bọ̀. Ẹni tí kò gbà kí ọmọ tirẹ̀ jáde bèèrè ọlọ́pàá lọ́wọ́ ìjọba tó dìbò fún, ló ń fi fóònù wo ojú ọ̀run bóyá ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ti ń bọ̀. Amẹ́ríkà tó ń fi omijé Faransé ṣe yẹ̀yẹ́ la fẹ́ kó wá bá wa sunkún. Amẹ́ríkà kúkú dé lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó ju ohun ìjà sí Sókótó. Àfọ́kù ohun ìjà náà já bọ́ sí Ọ̀fà.

Bẹ́ẹ̀ a mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́dún 2019, Kwara yìí kan náà pariwo "Ó tó gẹ́", a fi ìbò ká ilé Sàràkí kúrò lórí ìjọba, Bùkọ́lá tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà pàdánù ìjókòó tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, a fi pàṣán lé ọwọ́ mìíràn, a sì lọ sùn. Ibi tí Faransé ti fi jù wá lọ kò ju ibẹ̀ yẹn lọ. Wọ́n sunkún sí Chirac létí, wọ́n sun ún sí Sarkozy, sí Hollande, sí Macron. Wọn kò bèèrè ẹni tó jẹ́ ti apá ọ̀tún tàbí ti apá òsì. Àwa a máa kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó di pàṣán mú. Bó bá jẹ́ ti ọ̀tá, a ké. Bó bá jẹ́ ti ẹni wa, a ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wa. Ẹ̀yìn kì í bèèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí pàṣán ń ṣe. Kí ló dé tí ẹnu fi ń bèèrè?