Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn?

Kóòṣì òde òní á ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn òun gòkè lọ dúró nítòsí àárín pápá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù gígùn bá gba orí wọn kọjá, àfi kí wọ́n yí padà, bíi tírélà tó ṣìnà wọ Àpápá GRA: kó tó yí orí tán, ilẹ̀ á ti ṣú. Odion Ighalo, agbábọ́ọ̀lù iwájú, ọmọ Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní oṣù Kejìlá 2015, Watford tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún na Liverpool 3-0. Òun ló gbá méjì wọlé.

Ẹni tó bá sì gbójú lé àsíá offside láti dá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ dúró, kó má dé Ajégúnlẹ̀ o. Nídìí mọ́ńkì-pọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀lù àdúgbò tí ojú ilé rẹ̀ kéré, kò sí offside, kò sí alásíá. Aṣọ́lé gan-an, kò sí.