Iwájú Ń Gbọ̀n, Ẹ̀yìn Ń Làágùn

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọyẹ́ àti ọ̀dá ń gbé inú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ má pè é ní àlọ́. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì gbọọrọ tó ní éésì ní Ìkọ̀tún, l'Ékòó, ní agogo méjì ọ̀sán, nínú oṣù kẹta tí òjò kò tíì fìdí múlẹ̀, kí ẹ sì jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà kan náà ló ń wa gbogbo yín, owó kan náà lẹ san, ibì kan náà lẹ ń lọ. Síbẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé Ìdímù, ẹni tó wà níwájú á ti máa wá súwẹ́tà, ẹni tó wà lẹ́yìn á ti tú bọ́tìnnì dé ìdodo.

Ẹ wo arábìnrin tó jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Ó ti fi ìborùn bo èjìká méjèèjì, kò tó o. Ó fa tíṣù yọ nínú báàgì, ó ká a, ó fi dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde lókè orí rẹ̀ pinpin. Òtútù ti pọ̀ jù fún un, kò sì mọ ẹni tí òun lè fún. Ẹ wá yíjú sẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ń fi ìwé ìpolówó ìsọjí fẹ́ ara rẹ̀. Ihò wà lókè orí tirẹ̀ náà, ó tilẹ̀ ń dún, àmọ́ atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ju kí ènìyàn máa mí síni létí lọ.

"Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa fi éésì yìí sí i."

"Màmá, ó ti wà lókè tán."

"Òkè ibo? Òkè ọ̀dọ̀ rẹ ni àbí òkè orí wa?"

"Ẹ ṣáà má ṣí fèrèsé o, ẹ ó lé òtútù jáde."

Ta ni yóò ṣí fèrèsé? Gíláàsì odidi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè ti ọwọ́ bọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni bàbá kan tó wọ agbádá, tó jókòó síbi tó tutù, ti sọ tirẹ̀: "Ẹ ní sùúrù, màmá, ìka ò dọ́gba." Ìyá àgbà kò tilẹ̀ yí ọrùn: "Ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ dọ́gba."

Kí ló ń fà á gan-an? Àwọn oníṣẹ́ éésì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń ti gáàsì kiri. Gáàsì ọ̀hún ló ń kó ooru inú ọkọ̀ lọ dà síta. Bí gáàsì bá ti ń jò, òtútù á dínkù. Bí eruku bá dí fílítà, atẹ́gùn kò ní lágbára àtirìn. Bí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú àjà ọkọ̀ lọ sẹ́yìn bá ti ya, òtútù á parí ìrìn-àjò rẹ̀ sínú àjà. Bí ọkọ̀ bá sì kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ráńdábáàtì Ìkọ̀tún, ẹ́ńjìnnì á máa yí jẹ́jẹ́, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà á máa yí jẹ́jẹ́, òtútù tó bá sì jáde kò ní ju èyí tí àwọn ará iwájú máa gbà tán.

Àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké bíi HiAce ní ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Éésì ẹ̀yìn ní súwíìṣì tirẹ̀, ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà ni súwíìṣì náà sì wà. Éésì a máa jẹ epo. Látọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà l'Ékòó fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìka dẹ́rẹ́bà kì í jìnnà sí súwíìṣì yẹn mọ́. Nígbà tí ẹ̀ ń wọlé, ó wà ní títàn. Bí wọ́n bá ti gbowó tán, ó pa á. Ẹ bá béèrè, á ní éésì ń sinmi.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti àwọn bọ́ọ̀sì gbọọrọ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, nítòsí ìjókòó ìkẹyìn gan-an. Ìyẹn ni pé àwọn tó jókòó ti ẹ́ńjìnnì tó ń yí éésì ni éésì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ariwo rẹ̀, tiwọn ni. Ooru rẹ̀, tiwọn ni. Jìgìjìgì rẹ̀, tiwọn ni. Èrè rẹ̀ nìkan ló ń lọ síwájú.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò tíì débẹ̀. Nígbà tí Willis Carrier ṣe éésì ìgbàlódé lọ́dún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é fún, kí ọ̀rinrin má baà máa ba bébà jẹ́. Bébà ti gbádùn éésì kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbádùn rẹ̀. Kí àwọn ará ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì fi ìyẹn tu ara wọn nínú. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1939 tí ilé iṣẹ́ Packard gbé éésì sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà, inú búùtù ni wọ́n gbé e sí. Láti ẹ̀yìn ni atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ bọ̀ wá síwájú. Kò tilẹ̀ ní súwíìṣì tí wọ́n lè fi pa á. Ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kó yọ bẹ́líìtì. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yìn ni éésì mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lónìí ńkọ́? Ẹ yọjú wo jíìpù ọ̀gá ńlá kan tó bá fi síréènì lé yín kúrò lójú ọ̀nà. Ibo ni ọ̀gá jókòó sí? Ẹ̀yìn ni, lápá ọ̀tún. Ṣé ooru ń mú un? Ká má rí i. Ihò éésì wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún ní súwíìṣì tirẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Nínú jíìpù, dẹ́rẹ́bà ni oòrùn ń là lójú, ọ̀gá ẹ̀yìn ló ń sùn. Òtútù mọ ọ̀nà ẹ̀yìn dáadáa. Ó kàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni.

Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n ń ra ọkọ̀ tó ní yàrá, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ nínú, tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò afẹ́. Àwọn náà ń kùn pé éésì iwájú kò dé yàrá ẹ̀yìn, nítorí éésì tí wọ́n ṣe fún ojú dẹ́rẹ́bà kò lè tu odidi ilé lára. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé éésì mìíràn sórí òrùlé, wọ́n fún un ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ará Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa l'Ékòó, náà ń sun inú ọkọ̀, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló sọ ọkọ̀ di ilé fún tiwa, kò sì sí ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá là á mọ́lẹ̀, kí ẹ má baà rò pé éésì nìkan ni mo ń bá jà. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Èkó, Alímọ̀ṣọ́ ni ìlà tó gbẹ̀yìn. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní a jẹ́ 1,277,714. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, a lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó ní èrò tó wa, kò sì sí èyí tó ní olùdìbò tó wa. Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, àwa ni ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún 2003, wọ́n pín wa sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n ní kí ìjọba lè súnmọ́ wa. Ihò di mẹ́fà lóòótọ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò yí padà.

Ní oṣù kejì 2017, Gómìnà Akinwùmí Ambode kéde pé danfo máa kúrò lójú pópó Èkó lọ́dún náà, pé 5,000 bọ́ọ̀sì tó ní éésì ló máa rọ́pò rẹ̀. 820 ni wọ́n rà kí ó tó gbéjọba sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2020, ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Ọ̀ṣọ́dì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gba Ìyànà Ìpájà kọjá. Ní oṣù kẹwàá 2024, rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò, ó gba Agége kọjá. Ó dára, a kì í ṣe aláìmoore. Àmọ́ ẹ wo máàpù: etí wa ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ. Ará Ìgàndò tó bá fẹ́ jẹ ìgbádùn rélùwéè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ danfo, danfo tí wọ́n ní kò ní sí mọ́ láti 2017, kó làágùn dé Agége, kó tó lọ gbẹ sínú rélùwéè. Danfo ọ̀hún tilẹ̀ ṣe òdodo ju àwọn bọ́ọ̀sì éésì lọ. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì èyí tó pọ̀ nínú wọn wà, ó ń jó ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn náà ń hó. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀.

Mo ti bá ìjọba ronú ojútùú, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Èkíní, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ náà jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì tó tutù dáadáa, kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà wádìí bóyá lóòótọ́ ni ooru ń mú wa, kí wọ́n sì tọrọ oṣù mẹ́ta sí i. Èkejì, kí á máa san owó ọkọ̀ bí ara bá ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ̀n, kó san odidi; ẹni tó bá làágùn, kó san ìdajì; ẹni tó bá dákú, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà sínú káàdì Cowry tó fi ń san owó bọ́ọ̀sì kó tó jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn agbèrò á ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì owó òtútù jáde. Ẹ̀kẹta, kí bọ́ọ̀sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ́jọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, kí àwa náà di ará iwájú. Àwọn dẹ́rẹ́bà wa kò nílò ẹ̀kọ́ kankan lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti rí wọn bí wọ́n ṣe ń fi rìfáàsì gba wọ́n-wéè ní ojú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìdímù mọ̀ pé wọ́n ti di ọ̀gá nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí àwọn kọmíṣánnà, àwọn alága wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti àwọn aṣòfin tí a dìbò fún, wọ bọ́ọ̀sì láti Ìgàndò dé Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan. Kí wọ́n má mú síréènì dání, kí wọ́n sì jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà yẹn. Mo fi dá yín lójú pé wọn ò ní dé Ìyànà Ìpájà kí wọ́n tó wá ẹni tó máa tún éésì ẹ̀yìn ṣe.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ìdìbò 2027 ń bọ̀. Wọ́n á kó fìlà wá, wọ́n á kó ìrẹsì wá, wọ́n á ròyìn bí iwájú ṣe tutù tó. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí òtútù máa dé ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá rí èsì fún wa, kó má rí ìbò wa.