Sí Àna Wa Onífídíò

Àna wa àtàtà,

A gbọ́ pé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé oṣù kẹjọ tó ń bọ̀ yìí lẹ ó ti Houston wọ Òṣogbo, kí ọdún Ọ̀ṣun má baà ṣẹ̀yìn yín. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ ó bá wa láyọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, gbangba ni mo sì fẹ́ sọ ọ́, kí ẹbí tọ̀túntòsì lè ṣẹlẹ́rìí: ọ̀rọ̀ kámẹ́rà fídíò yín ni.

Ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ wálé kẹ́yìn, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá wa, àyà kanlẹ̀, gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ wa fẹ́. Àṣé ọwọ́ ọ̀tún yín wà lókè, fídíò ló ń yà. Nígbà tí ẹ gbé e sí tẹlifíṣọ̀n fún wa lálẹ́, a wá Bàbá tì. Ìka ẹsẹ̀ wọn nìkan ló gba ojú tẹlifíṣọ̀n láti igun dé igun, torí ẹ ti tẹ súùmù dé òpin. Bàbá fúnra wọn ń bèèrè pé ẹsẹ̀ ta nìyẹn.

Síbẹ̀, n ò ní bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí sọ pé fóònù ti pa irú kámẹ́rà yìí. Irọ́ ni. Kí wọ́n wá dúró lójú ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò, bá ń bọ̀. Èrò á yí i ká, àwọn tó ń ṣọ́ ọ á ti gbogbo ayé sẹ́yìn, fóònù á gòkè lọ́tùn-ún lósì, ìpàkọ́ ara wọn ni wọ́n á sì yà. Tí wọ́n bá fi ìka fa àwòrán náà kó lè sún mọ́ wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ fóònù ń ṣe ni pé á gé àárín àwòrán, á sì fẹ̀ ẹ́. Ojú ọmọbìnrin náà á wá fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ti kámẹ́rà yín yàtọ̀: gíláàsì inú lẹ́ńsì rẹ̀ gan-an ló ń rìn síwá sẹ́yìn. Ẹ wo HDR-CX405 tí Sony gbé jáde ní 2015, tó jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín: ó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra ní ìlọ́po 30, bẹ́ẹ̀ kò wúwo ju fóònù ńlá kan lọ. Ní 1989, nígbà tí Sony yìí kan náà ń fi CCD-TR55 fa ojú àwọn arìnrìn-àjò mọ́ra, tí wọ́n ń pariwo pé kò fẹ̀ ju páásípọ́ọ̀tù lọ, gíráàmù 790 ni, kásẹ́ẹ̀tì ló sì ń lò.

Ẹnikẹ́ni kì í sì í pe kámẹ́rà. Lọ́jọ́sí tí ìyá wa ń jó, ìyàwó yín ń fi fóònù yà á. Ijó dé ibi tó dùn, ẹnìkan pè láti bèèrè bóyá mọ́ínmọ́ín ṣì kù. Fídíò dá síbẹ̀. Kódà àwọn kámẹ́rà fọ́tò olówó ńlá, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni púpọ̀ nínú wọn ń dúró fúnra wọn kó tó pé ìṣẹ́jú 30, torí ọ̀rọ̀ owó kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Yúróòpù: èyí tó bá lè yà tó ìṣẹ́jú 30, wọ́n máa ń kà á sí kámẹ́rà fídíò nígbà yẹn, owó rẹ̀ á sì gòkè. Níbi àpèjẹ tiwa, ìṣẹ́jú 29 kò tíì kí àwọn olóyè tán.

Àmọ́ ilẹ̀ á ṣú, àna wa. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú irú kámẹ́rà yìí kò tó èékánná ìka tó kéré jù. Kíkéré rẹ̀ yẹn náà ló jẹ́ kí súùmù lè gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lóru, òun ló tún ń dójú ti ni. Fídíò àìsùn tí ẹ yà nígbà tí ẹ wálé kẹ́yìn, eruku ló jọ. Ohùn ìlù nìkan la fi mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Ti fídíò inú gbọ̀ngàn tó ń ṣẹ́jú ṣáá, NEPA là ń bú, NEPA ò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Iná Amẹ́ríkà ń yípo ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń yípo ní ìgbà 50. Ìṣirò 60 ti Amẹ́ríkà yẹn ni kámẹ́rà tí ẹ rà níbẹ̀ fi ń wo gílóòbù gígùn tiwa. Tí ààyè bá wà láti yí iyára ìṣíjú rẹ̀ sí 1/100, ẹ yí i kí ojú wa lè sinmi.

Ti ohùn ńkọ́? Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600. Ẹ gùn ún lọ́jọ́sí, ẹ ń yà á lọ, ṣùgbọ́n máìkì wà níwájú kámẹ́rà, kámẹ́rà wà lẹ́bàá imú yín, kò sì sí ihò tí ènìyàn lè ti máìkì mìíràn bọ̀. Mímí yín nìkan la gbọ́. Ìyá wa rò pé ara yín ò yá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí n tó ṣàlàyé.  

Èyí tó dùn wá jù ni pé a kì í rí àwọn fídíò náà. Tí ẹ bá yà á ní ìlànà fídíò AVCHD tó mọ́ jù, wákàtí kan ṣoṣo lé ní gígábáìtì 10. WhatsApp ò lè gbé e. Àwọn onífóònù á ti fi tiwọn ránṣẹ́ kí Arugbá tó dé odò; ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ní ẹ ṣì fẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ gé e kúrú. Ọmọ tó wà níkùn nígbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé ìwé.

Tí ẹ bá bi mí, kámẹ́rà yín mọṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó ṣe é. Ìlọ́po 30 ò fẹ́ ẹni tó ń rìn. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n bín-ín-tín, àwòrán á mì tìtì. Nítorí náà, ẹ gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wá, ẹ wá ibi gíga kan dúró sí láti àárọ̀, ẹ má tẹ súùmù àfi tí ẹ bá ti dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gba fóònù ìyàwó yín. Báàgì ọwọ́ ni kí bátìrì àfikún wà, torí wọn kì í gbà á nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

Ìyá wa ní kí n fi kún un pé iyán á wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, àmọ́ kámẹ́rà ò gbọdọ̀ jáde nínú báàgì títí ẹ ó fi wẹwọ́ tán.

Èmi ni, àbúrò ìyàwó yín, tí ẹ ti ya ìpàkọ́ rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.