Ẹ̀ńjíníà Fi-Kún-Un

Kò sí ìpàdé ọmọ ìlú ní Ìpè-Àkókó tí ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Òun ló ni áńpù, òun ló ń tọ́jú máíkì. Ẹ̀ńjíníà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Tẹ́sítà wà lápò àyà rẹ̀ bíi bírò olùkọ́, wáyà sì kọ́ ọ lọ́rùn. Kí alága tó dé, á ti fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí máíkì: "Ẹ̀lóò, tẹ́sítìn, wọ́ọ̀n, túù." Kì í kà á dé mẹ́ta.

Láti ọdún kòrónà, 2020, tí àwọn ará òkè òkun ti ń bá wa ṣèpàdé lórí Zoom ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Lọ́ńdọ̀nù.

"Ẹ̀ńjíníà, a ò gbọ́ yín o!"

"Mo ti fi kún un, sà!"

Ó fi kún un lóòótọ́, àmọ́ sípíkà inú gbọ̀ngàn ló fi kún. Sípíkà á han gan-an-ran, àwọn àgbà tó wà níwájú á fọwọ́ di etí, Lọ́ńdọ̀nù ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, a jẹ́ pé fóònù tiwọn ni.

Ẹ wo orí wáyà tó kì bọ kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe Zoom. Ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn ń wá èyí tó ní òrùka dúdú mẹ́ta. Méjì ló wà lára èyí tí Ẹ̀ńjíníà rà n'Íkàrẹ́. Kọ̀ǹpútà gbà pé ohun tí wọ́n ń kì bọ etí gbọ́rin lásán ni wọ́n so mọ́ òun, ó wá ń fi máíkì bíńtín ti ara rẹ̀ gbọ́ ìpàdé. Ẹ sì rántí ibi tí wọ́n gbé e sí: ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bú, tí àwọn ìyá ti ń pín ráìsì.

Àwọn tó ń fi redíò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, tí àmì ìdánimọ̀ tiwọn ní Nàìjíríà fi 5N bẹ̀rẹ̀, mọ wàhálà yìí dáadáa. Láti 2002 ni EchoLink ti ń so irú redíò bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Bí ohùn bá kéré, ẹni tó mọṣẹ́ nínú wọn á rán ohùn kan ṣoṣo wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, á máa wọ̀n ọ́n ní oríta kọ̀ọ̀kan títí á fi débi tó ti ń jò. Ó mọ̀ pé ohùn tó bá tín-ín-rín lẹ́nu ọ̀nà, ariwo ṣíọ̀ ni èèyàn ń fi kún un níwájú. Ta ló fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn áńpù ni Ẹ̀ńjíníà fẹ́ràn, níbi tí gbogbo gbọ̀ngàn ti lè rí ọwọ́ rẹ̀.

Mo ti bèèrè ìdí tí a ò fi wá ẹlòmíràn. Wọ́n ní ará òkè òkun ò fẹ́ kí a lé e. Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn tí a fẹ́ fi oyè dá lọ́lá, Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ kedere, wọ́n tiẹ̀ tún bí wọ́n ṣe pe orúkọ kan ṣe. Akọ̀wé wá ṣí ojú ìwé kejì, ó ka iye tí ẹ̀ka tiwọn máa dá fún òrùlé gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀ńjíníà, a ò gbọ́ yín mọ́ o!"

"Mo ti fi kún un, sà!"