Ẹnjiníà Kékeré-Nìyẹn

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò wúlò fún un mọ́. Ẹ ṣáà dé Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ dúró lẹ́bàá òpópónà Pepple, kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tó ti kú mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn, kí ẹ sì pe "Ẹnjiníà!" lẹ́ẹ̀kan. Ogún ọkùnrin ni yóò dá yín lóhùn. Ẹni tó bá ti gba ẹrù lọ́wọ́ yín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀, òun gan-an ni mò ń wí.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Kékeré-Nìyẹn, nítorí kò sí àrùn kọ̀ǹpútà tí ẹ lè kà sí i létí tí kò ní fi gbólóhùn yẹn dáhùn.

"Ẹnjiníà, kò tàn mọ́ láti ìjẹta."

"Kékeré nìyẹn."

"Omi ọbẹ̀ ilá ló dà sí i."

"Kékeré nìyẹn, ọ̀gá mi."

"Ọkọ̀ ló gun orí rẹ̀ kọjá."

Yóò gbójú sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣírò, yóò ní, "Ìyẹn á gba owó díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kékeré náà ni."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju tábìlì kan àti àga onírọ́bà méjì lọ, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan tí oòrùn ti pa láró. Lórí tábìlì yẹn ni òkú ti ń kí òkú káàbọ̀: láptọ́ọ̀pù tí kò lójú, ojú tí kò ní láptọ́ọ̀pù, kíbọọ̀dù tí eyín rẹ̀ ti ká bí ti arúgbó, wáyà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Sukurudíráfà kan ṣoṣo ló fi ń tú gbogbo ẹ̀rọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, òun náà ló fi ń họ etí. Pátákó rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: a ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, a ń ta tòkunbọ̀, a ń gba fáìlì tó sọnù padà, a ń fi orin sí fóònù, a ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Òkú jíjí nìkan ni kò sí lára rẹ̀, mo sì gbà pé àyè ló tán.

Ẹ má rò pé nítorí kọ̀ǹpútà ni èrò ṣe ń tò síwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà. Ohun tí kò ṣeé rà, tó há sínú rẹ̀, ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ gba oyè kejì ní yunifásítì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì sì ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ dálẹ́. Pásítọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìwàásù ọdún mọ́kànlá bá ẹ̀rọ lọ. Ó ti gbààwẹ̀ lé e. Ayàwòrán kan ń fara pamọ́ sẹ́yìn, nítorí ìyàwó tuntun tó ya fọ́tò rẹ̀ lóṣù tó kọjá kò tí ì mọ̀ pé ìgbéyàwó òun ti di ìtàn àfẹnusọ. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan náà wà níbẹ̀, ó ní gbogbo àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ ló bá dísìkì lọ. Òun nìkan ni mo rí tó ń sọ fún Ẹnjiníà pé kó má kánjú.

Èmi náà jókòó láàárín wọn, ẹ̀ṣẹ̀ mi kò sì yàtọ̀ sí tiwọn. Kí ìyá mi àgbà tó dágbére fáyé, ó jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ki oríkì ìdílé wa láti orí baba ńlá dé orí èmi, mo sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo kó o sí. Ibẹ̀ nìkan ló wà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pinnu pé mo máa dà á kọ sórí fíláàṣì, ọjọ́ Àìkú sì pọ̀ lọ́dún. Lọ́jọ́ kan ọmọ àbúrò mi fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, láptọ́ọ̀pù já bọ́ láti orí tábìlì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹyẹ àkókó tó rí igi gbígbẹ.

Ẹnjiníà gbé etí lé e bí nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ ọmọ inú aboyún. "Páńẹ́lì ni," ó ní. Nínú ìṣègùn tirẹ̀, àrùn méjì péré ló wà láyé. Bí kò bá jẹ́ páńẹ́lì, fáírọ́ọ̀sì ni.

Ariwo yẹn kì í ṣe ti páńẹ́lì, pátákó tó ń darí iná nínú ẹ̀rọ. Àwo dídán bíi dígí ló wà nínú irú háàdì dísìkì tó ń dún bẹ́ẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù sì sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan ló ń ka ohun tí a kọ sí i, orí apá náà kì í sì í fọwọ́ kan àwo. Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìnípọn irun orí èèyàn. Eruku tí ojú wa kò lè rí, òkè Olúmọ ni níbẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, orí apá yẹn ló ṣìnà, tó ń padà sẹ́yìn, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ni kó pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, kó má sì tàn án mọ́.

Ẹnjiníà tàn án. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi tàn án, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ní sọ́fítíwíà kan tí òun rà ní owó gọbọi láti Jámánì. Mo yọjú wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀: PhotoRec ni, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó há sọ́wọ́ adáhunṣe kì í bi í léèrè ewé.

Lọ́jọ́ kejì, ó pariwo. "Ọ̀gá mi, ẹ wá wò ó! Ó ti jáde!"

Lóòótọ́, nǹkan ti jáde. Ajá kan ni mo rí, ajá onírun funfun gbọ̀ọ̀rọ̀. Mo rí ajá náà létí òkun. Mo rí i lórí àga, mo rí i pẹ̀lú fìlà ọjọ́ìbí. Mo rí ìwé owó iná kan láti ìlú Leeds.

"Ẹnjiníà, ta ló ni ajá yìí?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé kì í ṣe tiyín ni?"

Òyìnbó tó lo láptọ́ọ̀pù náà kó tó di tòkunbọ̀ ló ni ajá. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí irú dísìkì yìí, kọ̀ǹpútà kì í lé e jáde. Nọ́ńbà ilé ló kàn ń yọ kúrò lára ògiri. Onílé ṣì wà nínú yàrá, títí ayálégbé mìíràn yóò fi kó ẹrù lé e lórí. Òyìnbó yẹn rò pé òun ti pa ohun gbogbo rẹ́ kó tó tà á. Ajá rẹ̀ bá wa dé Ìkẹjà. Ayàwòrán ẹ̀yìn wa kò tilẹ̀ rí ìyẹn rò ní tirẹ̀, nítorí irú dísìkì tí wọ́n ń pè ní SSD ni ti òun. Ìyẹn kò ní àwo, kì í dún, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó kú. Ibi tí èèyàn bá sì ti pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbá a mọ́ láìpẹ́. Ẹnjiníà gbọ́, ó ní kékeré nìyẹn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í wá fáìlì nínú dísìkì tó ń ṣàìsàn. Wọ́n á kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn tó yá gágá, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀dà yẹn. Ẹni tó ń kú lọ, a kì í fi sáré ìje. Tèmi sáré fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ajá pàápàá kò jáde mọ́.

Ẹnjiníà ní kí n lọ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì, pé òtútù máa ń jí i. Mo gbé e sáàárín ẹja tútù àti ata lílọ̀. Nígbà tí mo mú un jáde, ó ń làágùn bí ọ̀rá omi tútù, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù lẹ́yìn eruku. Ẹnjiníà tún yọ páńẹ́lì ara dísìkì mìíràn tó jọ ọ́, ó gbé e sí i. Wọ́n jọra lóòótọ́, bí ìbejì ṣe ń jọra. Ṣùgbọ́n láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń kọ àwọn ìwọ̀n tó jẹ́ ti dísìkì kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rún kékeré kan lára rẹ̀; bí wọn kò bá ṣí ẹ̀rún yẹn láti ara páńẹ́lì àkọ́kọ́ sí ara èkejì, Táíwò kò ní mọ ọ̀nà yàrá Kẹ́hìndé. Nígbà yẹn mo ti san owó àyẹ̀wò, ₦5,000. Owó sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ₦10,000. Owó páńẹ́lì, ₦12,000. Owó epo jẹnẹrétọ̀. Owó oúnjẹ ọmọ iṣẹ́. Wọ́kìmánṣíìpù kò tí ì wọlé o.

Níkẹyìn, ó fa sukurudíráfà etí yọ, ó ní ó kan kí òun ṣí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣí irú nǹkan yìí, yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni. Aṣọ pàtó ni wọ́n ń wọ̀ wọ ibẹ̀. Tiwa di ṣíṣí lábẹ́ agboòrùn, nínú ọyẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan alákàrà. Ẹnjiníà rí eruku lórí àwo náà. Ó tẹ̀ba, ó fẹ́ ẹ fùú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yẹn.

"Ó kù díẹ̀," ló wí.

Mo gbé òkú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò ní pátákó. Ó wò ó lábẹ́ dígí, ó dákẹ́. "Ta ló ṣí i?" Mi ò fèsì. Ó ní kí n wá wo àwo náà: ìlà róbótó kan yí i ká. "Wọ́n ti kọlà fún un. Ohun tó wà níbi tí ilà yìí gbà ti di eruku. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó já bọ́ ni, à bá gbìyànjú. N kò lè ṣe é." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Àga mẹ́rin ló wà ní ọ́fíìsì bàbá náà, gbogbo wọn ló ṣófo. Nísàlẹ̀, èrò ti dí ọ̀nà mọ́ Ẹnjiníà lójú. Orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti yé mi pé irọ́ tí ọkùnrin yìí ń pa kò tó bí àwa ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á. "N kò lè ṣe é" jẹ́ òtítọ́, ọ̀fẹ́ sì ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. "Kékeré nìyẹn" la wá rà. Nígbà tó sì ti ń gbé e fún wa, a tún ń ná an.

Nígbà tí mo padà lọ kó ẹrù mi, Ẹnjiníà ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wo fọ́tò ìkómọ ọmọbìnrin ọ̀gá rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀gá náà. Mo ní, "Ẹnjiníà, bí èyí bá kú ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé òkèlè mì. "Ọ̀gá mi, mẹ́ta ni. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ yìí. Ọ̀kan nínú dísìkì tó wà nínú àpótí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá jó ìhín, kò ní jó Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kan náà." Ó wá ń fún mi nítàn: pé ní 1998, àwọn tó ń ṣe fíìmù Toy Story 2 ní Pixar, ní Amẹ́ríkà, ṣèèṣì pàṣẹ kan, iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lójú wọn; pé wọ́n sáré lọ wo ẹ̀dà, ẹ̀dà kò sì dára mọ́; pé ìyá ọlọ́mọ tuntun kan, Galyn Susman, tó ń ti ilé ṣiṣẹ́, ló ní ẹ̀dà nínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi wé e wá sí ọ́fíìsì. Kò ṣìsọ. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kì í sọ fún wa?"

"Mo máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí mo bá sọ fún á ní òun á ṣe é lọ́la." Ó fọwọ́ sínú omi, ó nu ún. "Ọ̀la yẹn loko mi, ọ̀gá mi."

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ra fíláàṣì kan lórí tábìlì rẹ̀, kí ìyókù fáìlì mi má bàa bá èyí tó ti lọ lọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Fíláàṣì náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.