Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ẹ̀dà Tuntun

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ jẹ́ DM nínú eré Dungeons & Dragons, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun lè ṣe aṣòfin, adájọ́, ọlọ́pàá àti olóúnjẹ pọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn ní Peckham níbí ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Wọ́n á dé, wọ́n á jẹ puff-puff mi, wọ́n á mu mínírà mi, wọ́n á wá jókòó ti òfin mi, wọ́n á máa tú u ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, ẹ má bínú. Ènìyàn bíi mélòó kan á yí tábìlì ká. Ọ̀kan á ní jagunjagun lòun, ọ̀kan á ní oṣó lòun, ọ̀kan á ní olè lòun, ẹnikẹ́ni ò sì ní pe ọlọ́pàá. DM ni yóò máa sọ ohun tí ojú wọn rí. Òun náà ni yóò ṣe gbogbo ọ̀tá, gbogbo ọba àti gbogbo oníṣòwò tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. Bí iyàn bá dé, dáìsì olójú 20 ló ń dá a. Ìwé òfin wà, àmọ́ ibi tí ìwé bá dákẹ́ sí, tàbí ibi tó bá ti sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, DM á kọ tirẹ̀. Ohun tó bá kọ yẹn là ń pè ní òfin ilé.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ìwé pẹlẹbẹ 3 ló wà nínú páálí. Wọ́n tún ní kí ẹni tó rà á wá ìwé eré ogun kan tó ń jẹ́ Chainmail, kó sì wá eré mìíràn, Outdoor Survival, nítorí àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀. Àlàfo tó bá kù, kí kálukú fi làákàyè dí i. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ní ni wọ́n fi ṣe é.

Ìjà mi ni pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ò jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Ẹ̀dà kejì dé ní 1989, ẹ̀kẹta dé ní 2000. A ò tíì kà á débì kan tí wọ́n fi gbé òmíràn jáde ní 2003, wọ́n pè é ní 3.5. Mẹ́ta àbọ̀, bí ẹni ń wọn gàrí! Ọfọ̀ kan wà tó ń fúnni lágbára akọ màlúù. Ní 2000, wákàtí kan ló ń lò fún ipele kọ̀ọ̀kan tí oṣó bá dé. Ní 2003, ó di ìṣẹ́jú kan. Oṣó wa sùn pẹ̀lú agbára wákàtí 5, ó jí, ó bá ìṣẹ́jú 5 lọ́wọ́. Èmi sì ni wọ́n ń bi pé ta ló jí ìyókù. Ẹ̀dà kẹrin tún dé ní 2008, ẹ̀karùn-ún ní 2014, wọ́n tún ẹ̀karùn-ún náà ṣe ní 2024. Bí mo bá ti kọ òfin ilé mi tán báyìí, ohun tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ á yí padà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dà àtijọ́ ń kú tán ni, ǹ bá fara dà á. Kì í kú. Bọ̀dá kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ayé THAC0 ló ti wá. Nínú ẹ̀dà kejì, bí ìhámọ́ra bá ṣe lágbára tó ni nọ́ńbà AC rẹ̀ ń relẹ̀ tó. Ẹ ó mú THAC0 yín, ìyẹn nọ́ńbà ìkọlù yín, ẹ ó yọ AC ọ̀tá kúrò nínú rẹ̀, iye tó bá ṣẹ́kù ni dáìsì gbọ́dọ̀ bá. THAC0 18, AC 5, ẹ nílò 13. Ó rọrùn, àbí? Ọ̀tá kejì wọ ìhámọ́ra onídán, AC tirẹ̀ jẹ́ òdì 2. Ẹ yọ òdì 2 kúrò nínú 18, ó di 20. Ẹ wo ojú àwọn ọmọdé bí wọ́n bá gbọ́ ìṣirò yìí! Ẹ̀dà kẹta dojú rẹ̀ dé, AC tó ga ló wá dára, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bọ̀dá ò gbà. Títí di òní, bí mo bá ní AC dírágónì jẹ́ 17, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: “17 kẹ̀? Ẹni tó wà níhòòhò gan-an, 10 ni!”

Ká má tíì sọ ti ìjàkadì. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gídígbò. Ẹ dìmú, ẹ̀yìn ẹnì kan balẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Ẹ̀dà kẹta ní rárá. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀tá fi idà ṣá yín lọ́fẹ̀ẹ́ ná, nítorí pé ẹ sún mọ́ ọn. Bí idà bá bà yín, ìdìmú ti bàjẹ́. Bí kò bá bà yín, ẹ ta dáìsì bóyá ọwọ́ yín tilẹ̀ kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì tún ta dáìsì, kí ẹ ro agbára mọ́ ọn, kí ẹ ro bí ẹ ṣe tóbi sí mọ́ ọn. A ò tíì dé ibi tí ẹ̀yìn ń balẹ̀ o. Mo wá kọ òfin ilé, ìlà kan péré: kálukú ta dáìsì kan, ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló borí. Ní 2014, ìwé fúnra rẹ̀ wá sọ ohun tó fara jọ ọ́. Mo yọ̀, mo fa ìlà yẹn rẹ́ nínú ìwé mi. 2024 dé, wọ́n tún yí i: ẹni tí wọ́n fẹ́ dì mú nìkan ló ń ta dáìsì, bóyá á lè yọ. Wọ́n ní kí n lọ wá ìlà mi tí mo fà rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbo ló dùn mí jù. Ìwé 2014 ní bí o bá mu àgbo ìwòsàn lójú ìjà, àyè rẹ ti lọ nìyẹn, o ò lè jà mọ́ títí yóò fi tún kàn ọ́. Kí sì ni àgbo ń fúnni? Dáìsì olójú 4 méjì, fi 2 kún un. O lè rí 4 péré gbà, kí goblin tó wà níwájú rẹ sì gba 5 padà kó o tó nu ẹnu. Mo ní èyí ò dáa. Mo kọ ọ́ pé kí ènìyàn máa mu àgbo nínú àyè kékeré tó máa ń ṣẹ́kù, kó lè rí idà fì. Tábìlì púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ọmọ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì bá mi fà á títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní ìwé ni ìwé, pé òun ò lè tẹ̀ lé òfin tí ẹnì kan kọ sẹ́yìn rìsíìtì.

Ìwé 2024 dé. Ọmọ yìí náà ló rà á wá. Ó ṣí i, ó fi ìka lé ojú ewé, òfin àgbo mi ló wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Ó gbójú sókè, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Ẹ máa wo bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣòfin.”

Òfin kan ṣoṣo tí kò sí ẹ̀dà tó lè fọwọ́ kàn án ni pé dáìsì tó bá bọ́ sábẹ́ àga kò ní kíkà. Ìyẹn náà, bó bá jẹ́ 3 ni. Bó bá jẹ́ 20, gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀ sórí káápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tan iná fóònù sí i, wọ́n á sì búra pé ó ti dúró kó tó kúrò lórí tábìlì.

Ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣèpàdé lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n kọ òfin kan kún òfin: DM kò gbọdọ̀ yí òfin ilé padà láàárín ìjà. Ó bọ́gbọ́n mu. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Sátidé tó tẹ̀ lé e, dírágónì mi gbé bọ̀dá THAC0 ṣubú, ó ku ẹ̀mí 1 fún wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn mu àgbo 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nawọ́ sí fìríìjì, mo ní òfin kò gbà.

Ọmọ onímọ̀ òfin ló kọ́kọ́ dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún fún puff-puff: “Háà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má le báyìí. Eré mà ni.”