Gbèsè Aṣọ àti Ọba Lear

Kí JAMB tó dé ní 1978, ọ̀dọ́ tó ń wá yunifásítì, tí kò sì rí ilé ìwé HSC wọ̀, GCE A Level ló máa ń jókòó kà nínú yàrá rẹ̀. Èmi náà jókòó. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí l'Óṣogbo, mo sì ti gbọ́ pé Awólọ́wọ̀ kàwé nílé títí ó fi gba B.Com. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Mo ní kí ni Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi mí ṣe?

Ìwé eré King Lear àlòkù ni mo rà. Wọ́n ti ya iwájú rẹ̀, wọ́n ti ya ẹ̀yìn. Epo àkàrà tó wà lára èyí tó kù jẹ́ kí n mọ ibi tí àwọn yòókù gbà lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní àárín ìwé ni adùn ìwé wà. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Owó ìforúkọsílẹ̀ ló wá kù. Mo ti gba áńkárá àwìn lọ́wọ́ bàbá oníṣòwò kan, ará Iléṣà. Owó tí ǹ bá fi san án ni mo kó fún ìdánwò. Ẹ sì mọ òṣómàáló. Ìjẹ̀ṣà tó bá wá sin owó aṣọ nígbà náà, ẹ gbé àga fún un, kò ní jókòó. Ẹ bu omi fún un, kò ní mu. Yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde.

Ìrọ̀lẹ́ tí bàbá dé, òjò ṣú dùdù. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mo ró aṣọ ìbora, mò ń ju apá, mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú ààrá bí ọba Lear ṣe bú u nínú ìjì. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Tíṣà," ó ní, "wèrè tó lè ka ìwé, á lè ka owó."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní ìwé ni o, pé ọba kan ló pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n sì tì í síta.

"Ó pín ogún láàyè? Kò lárá ni? Àbíkẹ́yìn wọn ńkọ́, kí ló gbà?"

Mo ní kò gba nǹkan kan.

"Kí ló ṣe?"

Iwájú ìwé nìyẹn wà. Mo dákẹ́.

"Báwo ló ṣe wá parí?"

Mo tún dákẹ́.

"O ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, o ò mọ bó ṣe parí. Ohun tí o fi owó aṣọ mi kọ́ nìyẹn?"

Ó fún mi dòpin oṣù. Oṣù parí, n kò rówó san. Iléṣà, ìlú bàbá, ni wọ́n sì gbé mi sí fún ìdánwò! Láti gáréèjì ni mo ti fi fìlà bojú wọ gbọ̀ngàn. Mo ṣí ìbéèrè: bí Cordelia, àbíkẹ́yìn ọba, ṣe pàdánù ogún, àti ohun tí ikú rẹ̀ kọ́ bàbá rẹ̀. Ikú kẹ̀? Mo kọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ pé Cordelia kò kú, pé ó gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Faransé, baba sì ń gbé ọmọ-ọmọ jó níbẹ̀.

Ní ẹnu géètì, bàbá aṣọ ló kọ́kọ́ kí mi. Ó gba owó mọ́tò mi, ó ṣẹ́ ìyẹn kúrò nínú gbèsè, lẹ́yìn náà ló béèrè bí ọba ṣe parí. Mo sọ tèmi fún un.

"Irọ́ ni," ó ní. "Ẹni tó pín ogún láàyè kò lè rójú gbé ọmọ jó."

Ọdún gorí ọdún kí n tó kà á pé Nahum Tate ti tún eré náà kọ ní 1681: Lear kò kú, Cordelia kò kú, ó tilẹ̀ rí ọkọ fẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàtẹ́wọ́ fún un lórí ìtàgé fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Èmi, F ni wọ́n fún mi.